Ṣé owó ṣì kù nínú tírélà tó ń ná Èkó sí Kánò?

Ìyá_Mọ́níyà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ ìrìnnà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ti san owó àjẹmọ́nú mi. Àbúrò ọkọ mi tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá ń rọ̀ mí pé kí n fi owó náà ra tírélà kan, tókunbọ̀ láti Bẹ́ljíọ̀mù, kí a máa fi kó kọ̀ǹténà láti Èkó lọ sí Kánò. Ohun tó ń sọ ni pé ọjà kì í tán ní Kánò, àti pé orí títì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà ń gbà débẹ̀. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo tún ń gbọ́ pé àwọn tó ti kó ọkọ̀ jọ tẹ́lẹ̀ ń tà wọ́n ní ẹyọ ẹyọ. Mo fẹ́ kí ẹni tó mọ inú iṣẹ́ náà là mí lójú: báwo ni nǹkan ṣe rí lónìí, kí ni ẹ sì rò pé yóò dà ní ọdún márùn-ún sí i? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìtùnú dá mi lóhùn.

Bàbá_Ògèrè:
Ìyá wa, ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jẹ ẹ́ pẹ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ní ọkọ̀ lójú ọ̀nà yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ kì í sọ fún ẹni tó fẹ́ rà. Iye tí wọ́n ń san fún ìrìn-àjò kan kọ́ ni yóò sọ bóyá ẹ ó jèrè. Iye ìgbà tí ọkọ̀ yín lè lọ kó sì bọ̀ láàárín oṣù kan ni. Èkó sí Kánò tó nǹkan bíi kìlómítà 1,000. Ọkọ̀ tó bá ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù yóò bọ́ olówó rẹ̀, yóò sì bọ́ awakọ̀. Ọkọ̀ kan náà tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí pé ó jókòó sí èbúté, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí oníbàárà, ó sì tún jókòó nígbà tó fẹ́ dá òfìfo kọ̀ǹténà padà, gbèsè ni yóò kó sí yín lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò epo. Tírélà tó ru ẹrù kíkún máa ń jó nǹkan bíi lítà 40 sí 50 dísẹ́ẹ̀lì ní kìlómítà 100, bí ọ̀nà bá ṣe rí àti bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá ṣe wúwo tó. Bí ẹ bá fi lítà kan sí ₦1,000, àlọ nìkan yóò jẹ ₦400,000 sí ₦500,000. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọba ti fi iye dísẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ fún ọjà, kí wọ́n tó wá yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nítorí náà kò sí ẹni tó bá wa pín ìnira náà nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì fò sókè ní 2022. Nígbà tí ilé ìfọpo Dangote bẹ̀rẹ̀ sí ta tirẹ̀ ní 2024, wọ́n gé e sí ₦1,200, wọ́n tún gé e sí ₦1,000 ní oṣù kẹrin ọdún náà, a sì mí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń dá wa lóró ju epo lọ ni táyà. Orí ọkọ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ẹ̀yìn ní méjìlá, táyà 22 ni gbogbo rẹ̀. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop dá iṣẹ́ dúró ní Ìkẹjà ní 2008, láti ìgbà náà òkè òkun ni táyà ọkọ̀ ńlá wa ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023 ti kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Ẹ wá rò ó fún táyà, ẹ rò ó fún gíábọ́ọ̀sì, ẹ rò ó fún ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tí ẹ ní wọ́n ń ta ọkọ̀ ní ẹyọ ẹyọ, owó èyí tí wọ́n tà ni wọ́n fi ń tún ìyókù ṣe.

Agbẹrùjáde_TinCan:
Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ìjókòó tí Bàbá sọ, nítorí ìṣojú mi ló ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó mọ Àpápá kí ọdún 2021 tó dé mọ bí tírélà ṣe máa ń tò láti ẹnu èbúté dé orí afárá, tí awakọ̀ ń sùn tó sì ń jẹun lábẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní oṣù kejì ọdún 2021 ni NPA, àjọ tó ń ṣàkóso èbúté, bẹ̀rẹ̀ ètò ìpè orí ẹ̀rọ, pé kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró sí pákì títí àkókò rẹ̀ yóò fi tó. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ojú títì kò mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ìdúró náà kò parẹ́, láti orí afárá ló ti ṣí lọ sínú pákì, owó pákì sì wà lọ́rùn ẹni tó ni ọkọ̀.

Èyí tí àbúrò ọkọ yín kò bá tíì sọ fún yín, Mà, ni ọ̀rọ̀ òfìfo. Kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ kí kọ̀ǹténà jáde, wọ́n máa ń gba owó ìdógò lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹrù, wọn kì í sì dá owó náà padà àfi tí òfìfo bá wọlé, ọjọ́ tó bá sì lé, ìtanràn ni. Nítorí náà, tí ọkọ̀ yín bá já ẹrù ní Kánò, kọ̀ǹténà òfìfo ló gbọ́dọ̀ rù bọ̀ wá sí Èkó, epo kìlómítà 1,000 lórí agolo ńlá tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Yànmọ̀tí àti isápá tó ń lọ sí òkè òkun pọ̀ ní Kánò àti Jígáwá, ó sì yẹ kí ó jẹ́ ẹrù àbọ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni yóò kọ́kọ́ gbà kí ẹ fi kọ̀ǹténà wọn kó o. Àwọn tó mọ ọ̀nà rẹ̀ ń rí i gbà. Ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo kì í sábà rí i.

Fẹ́mi_Ojú_Irin:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹ kò fẹ́ dárúkọ ọ̀tá tó ń bọ̀. Láti ọdún 1912 ni ojú irin àtijọ́ ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò. Àìtọ́jú rẹ̀ ló sọ tírélà di ọba. Ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹfà ọdún 2021, ó sì wọ inú èbúté Àpápá. Èyí tó wà láàárín Kàdúná àti Kánò wà lọ́wọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n ti ṣí èbúté orí ilẹ̀ ní Kàdúná ní 2018, wọ́n ṣí ti Dala ní Kánò ní 2023. Gbogbo nǹkan tí mo kà sílẹ̀ yìí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n dorí kọ, ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń rọ ìyá yìí pé kí wọ́n lọ ná owó ìfẹ̀yìntì wọn sí. Tí ọkọ̀ ojú irin kan bá lè kó kọ̀ǹténà tí ó tó ogún lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni ẹni tó ní tírélà kan yóò máa tà?

Bàbá_Ògèrè:
Fẹ́mi, ọ̀rọ̀ rẹ ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọ̀nà ni kí o wò. Kìlómítà 157 kéré jù fún ojú irin láti jèrè lórí kọ̀ǹténà. Wọn yóò gbé e sórí ọkọ̀ ojú irin ní Àpápá, wọn yóò gbé e kalẹ̀ ní Mọ́níyà ní Ìbàdàn, tírélà yóò tún gbé e dé ibi tó ń lọ. Owó gbígbé àti gbígbé kalẹ̀ yẹn ti jẹ ohun tí wọn ìbá fi rọ̀ jù wá lọ. Ọ̀nà jíjìn bíi Kánò ni ojú irin ti lè lé wa lọ, ṣùgbọ́n ojú irin tuntun kò tíì kúrò ní Ìbàdàn lọ sókè. Ní ọdún márùn-ún tí Ìyá ń béèrè, n kò rí i pé yóò ti já. Ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, n kò lè bá ọ jiyàn, ọkọ̀ tí wọ́n bá rà lónìí yóò sì ti di irin àlòkù nígbà náà.

Àjọkẹ́_Mile12:
Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń san owó ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Tòmátì àti àlùbọ́sà ni mò ń gbà láti òkè Ọya. Tí awakọ̀ bá pè mí pé àwọn dé Jẹ́bà, mo ti mọ iye apẹ̀rẹ̀ tí yóò jẹrà kí wọ́n tó dé. Láàárín ibẹ̀ sí Mile 12, ìjọba ìbílẹ̀ yìí yóò já tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ẹgbẹ́ yìí yóò já tiwọn, àwọn aláṣọ ìjọba kan yóò na ọwọ́, àwọn tí kò wọ aṣọ ìjọba náà yóò na tiwọn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ń kó sínú iye tí mo ń ta ata. Àwọn ará Èkó yóò ní Àjọkẹ́ ti wọ́n jù.

Ohun tí mo fẹ́ kí Ìyá mọ̀ ni pé ọkọ̀ oúnjẹ kì í bá òfìfo jìjàkadì bíi ti kọ̀ǹténà. Tírélà tó ní ìgànná lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó gbé ẹrù ilé iṣẹ́ lọ sókè láti Èkó tàbí Ọ̀tà, oúnjẹ ni yóò rù bọ̀. Ìgbà tí ọjà yìí máa ń dà rú ni kí wọ́n bẹ̀rù: ní oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn ẹgbẹ́ olóńjẹ àti oní-màlúù dá oúnjẹ àti màlúù tó ń bọ̀ ní gúúsù dúró fún ọjọ́ mélòó kan, owó àlùbọ́sà sì di ohun tí a kò rí irú rẹ̀ rí.

Awakọ̀_Jẹ́bà:
Mo kí gbogbo ilé. Ẹ ti ṣírò epo, ẹ ti ṣírò táyà, kò tíì sí ẹni tó ṣírò èmi.

Ọ̀nà tí a ń tọ̀ kò rí bó ṣe wà nínú àwòrán ilẹ̀. Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ṣeé gbà, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìparí, ibẹ̀ sì ni àwa àti ọkọ̀ kéékèèké ti ń kọlu ara wa jù. Lẹ́yìn Mókwà, ó yẹ kí a gba Tẹ́gínà àti Birnin Gwari já sí Kàdúná, ṣùgbọ́n nítorí àwọn agbébọn, ọ̀pọ̀ wa ti yà sí ọ̀nà Bídà, àwọn mìíràn ń yípo gba Lọ́kọ́ja. Ìyípo yẹn ń fi epo àti ọjọ́ kún ìrìn-àjò, owó ẹrù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Nígbà tí àgbàrá ya Mókwà ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, tó gbé èèyàn, ilé àti afárá lọ, ìgbà yẹn ni àwọn kan ní Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìlú kékeré yẹn ni ẹrù gúúsù àti àríwá ń gbà kọjá.

Ọ̀pọ̀ wa ni wọn kì í san owó oṣù tó lè gbọ́ bùkátà fún. Ìrìn-àjò kan, iye kan ni. Tí ọkọ̀ bá jókòó sí pákì, owó tèmi náà jókòó. Nígbà tí wọ́n bá wá tú wa sílẹ̀, kí ni ẹ rò pé awakọ̀ yóò ṣe? Yóò wa ọkọ̀ lóru, yóò fi kólà lé oorun lọ, yóò gbé èrò sórí ẹrù kí ó lè rí owó oúnjẹ. Mo ti bá olówó ọkọ̀ kan ṣiṣẹ́ rí tó ní kí n má da ara mi láàmú nítorí irin mẹ́rin tó yẹ kó di kọ̀ǹténà mú mọ́lẹ̀, pé ẹrù náà wúwo tó láti jókòó fúnra rẹ̀. Mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ rántí Ojúẹlẹ́gba ní oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí afárá sórí bọ́ọ̀sì èrò, tí èèyàn mẹ́sàn-án kú.

Ìyá, bí ẹ bá ra ọkọ̀, ẹ san owó oṣù fún awakọ̀ yín, kí ẹ sì fi owó díẹ̀ kún un fún ìrìn-àjò. Ẹni tó mọ̀ pé òun yóò jẹun bí ọkọ̀ ò tilẹ̀ rìn kò ní sáré pa ọkọ̀ yín.

Ará_Houston:
Ẹ̀gbọ́n wa ará Jẹ́bà, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ìlú Houston ni mo ti ń wa tèmi, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìjókòó tí ẹ ń sọ yìí ń bá wa jà níbí náà, òfin nìkan ló yàtọ̀. Wákàtí 11 péré ni òfin Amẹ́ríkà gbà kí n wa ọkọ̀ láàárín wákàtí 14 láti ìgbà tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn náà mo gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí mẹ́wàá, ẹ̀rọ tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì ló sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, láti oṣù kejìlá ọdún 2017 tí wọ́n ti sọ ọ́ di dandan. Ṣùgbọ́n máìlì ni wọ́n ń san owó ọ̀pọ̀ nínú wa lé lórí. Tí ilé ìkẹ́rùsí bá dá mi dúró fún wákàtí márùn-ún, wákàtí náà ti lọ nínú 14 mi, owó díẹ̀ tàbí òdo ni mo sì rí lórí rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọjà dùn níbí. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, owó ẹrù gòkè, ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi gbèsè ra ọkọ̀ tiwọn ní 2021. Láti 2022 ni owó ẹrù ti wálẹ̀, gbèsè kò sì bá a wálẹ̀. Yellow, ilé iṣẹ́ tó ti wà láti ọdún 1924, ti ilẹ̀kùn ní 2023, nǹkan bí 30,000 òṣìṣẹ́ ló sì pàdánù iṣẹ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025, ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà lè sọ awakọ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Aurora bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ kó ẹrù láàárín Dallas àti Houston. Mo máa ń sọ fún àwọn tó ń pè mí láti ilé pé kí wọ́n má rà á nítorí pé owó ẹrù pọ̀ lónìí. Kí wọ́n ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ó ti já sí ìdajì.

Ìyá_Mọ́níyà:
Ẹ ṣeun gan-an ni, mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ òfìfo kọ̀ǹténà han àbúrò ọkọ mi, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí á ra táńkà epo dípò rẹ̀, pé epo kì í ní òfìfo tí à ń dá padà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìyẹn náà.

Fẹ́mi_Ojú_Irin:
Mà, tí ẹ bá sá fún òjò kọ̀ǹténà, ẹ má lọ bọ́ sínú odò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Dangote kéde pé òun yóò máa fi ọkọ̀ 4,000 tó ń lo gáàsì CNG gbé epo dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà, láìgba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹsàn-án, NUPENG, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo àti gáàsì, dá iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn awakọ̀ náà láti wọ ẹgbẹ́, ìjọba sì bá wọn pa á rọ́. Èyíkéyìí tí èèyàn bá gbè nínú ìjà yẹn, ẹni tó ní táńkà kan kò lè bá ẹni tó ní 4,000 du ọjà, pàápàá nígbà tí ẹni náà tún ni ilé ìfọpo.

Agbẹrùjáde_TinCan:
Ẹ tún wo ti òfin. Lẹ́yìn tí táńkà gbiná ní Májìyà ní Jígáwá ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, tí ó ju 150 èèyàn lọ tó kú, tí òmíràn sì tún gbiná lẹ́bàá Súléjà ní oṣù kìíní ọdún 2025, NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọjà epo, fòfin de táńkà lítà 60,000 láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n sì ní àwọn yóò tún dín in kù sí i. Táńkà ńláńlá tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ báyìí, ìdí tí iye rẹ̀ fi rọ̀ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Bàbá_Ògèrè:
Èmi kò ní kí Ìyá má ra ọkọ̀ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kọ̀ǹténà Èkó sí Kánò, pẹ̀lú ọkọ̀ kan, jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ní owó tí yóò fi dúró de ìjókòó. Ilé iṣẹ́ pọ̀ ní Ọ̀tà, Ṣágámù àti Ìbàdàn tí wọ́n ń kó ẹrù lọ sí Ìlọrin, Òṣogbo àti Àkúrẹ́. Owó ìrìn-àjò kan kò tó ti Kánò, ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè lọ kó sì padà láàárín ọjọ́ méjì, awakọ̀ yóò sùn nílé, ẹ ó sì lè fi ojú yín rí táyà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ gba àdéhùn kíkọ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò máa fún un ní ẹrù, kí ẹ béèrè pé ọjọ́ mélòó lẹ́yìn ìwé owó ni wọ́n ń san. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sanwó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, dísẹ́ẹ̀lì kò sì ṣeé rà ní àwìn tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Mọ́níyà:
Èyí yé mi, mo sì ti ní kí ó lọ béèrè ní ilé iṣẹ́ méjì ní Ṣágámù kí á tó tún sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: tí mo bá ra ọkọ̀, tí mo sì gba ìwé adójútòfò, ṣé ẹrù inú rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀?

Agbẹrùjáde_TinCan:
Rárá, Mà. Ìwé tí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń béèrè lójú ọ̀nà, jàm̀bá tí ọkọ̀ yín bá ṣe fún ẹlòmíràn nìkan ló wà fún. Ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yàtọ̀, ti ẹrù tó wà lójú ọ̀nà tún yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ bá ṣe àdéhùn ni kí ẹ kọ́kọ́ bi bóyá àwọn ló ń san ti ẹrù tàbí olówó ọkọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn náà kí ẹ tó bu ọwọ́ lù ú.